Má tíì da irinṣẹ́ àtijọ́ yẹn nù

Àbúrò wa kan ní Ọ̀fà ni wọ́n gbé irinṣẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ lé lọ́wọ́, èyí tó ń ka docstring (àlàyé tí wọ́n kọ sínú kóòdù), tó sì ń fi ṣe ojú ìwé HTML. six (kóòdù tó ń jẹ́ kí nǹkan kan náà ṣiṣẹ́ lórí Python 2 àti 3) ló kún inú rẹ̀, nose, irinṣẹ́ ìdánwò àtijọ́, ló fi ń ṣe ìdánwò, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Python 3.12. Ó ní ṣé kí òun kúkú kọ òmíràn.

Rárá o. Irú ẹ̀ ni mo ń tọ́jú níbí ní Tánkẹ́ láti ayé Python 2, kí wọ́n tó pa á tì ní 2020. Ìlà kóòdù tó dà bíi pé kò wúlò nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, docstring burúkú kan ló bí i.

Má fọwọ́ kan kóòdù ná. Mú àpẹẹrẹ díẹ̀, fi ẹ̀dà Python tó ṣì gbà á ṣe HTML wọn, kí o kó o sínú tests, ìyẹn àpò ìdánwò. Iṣẹ́ ìdánwò rẹ kò ju pé kó wò ó bóyá ohun tó jáde lónìí bá ti àná mu. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ibí ni ojú mi ti rí nǹkan. Bí function kan nínú kóòdù tó ń kà bá ní x=object(), ohun tí irinṣẹ́ náà máa kọ ni <object object at 0x7f…>, nọ́ńbà yẹn sì lè yí padà nígbàkigbà tó bá tún ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tó ń tẹ̀ sísàlẹ̀ ojú ìwé náà ńkọ́? Fi regex (àwòṣe tó ń wá ọ̀rọ̀) pa àwọn méjèèjì rẹ́ kí o tó fi wọ́n wéra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdánwò á máa ṣubú láìnídìí, o ò sì ní gbà á gbọ́ mọ́.

Wàyí o, pytest, irinṣẹ́ ìdánwò tòde òní, lè rọ́pò nose, á sì ka ìdánwò unittest (ti Python fúnra rẹ̀) tó wà nílẹ̀. assertEquals àti imp ti kúrò ní 3.12, inspect.getargspec ti kúrò ní 3.11; dípò wọn, assertEqual, importlib àti inspect.signature ni kí o lò. Jẹ́ kí pyupgrade (irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù àtijọ́ di tuntun) bá ọ kó six dànù, ṣùgbọ́n kí ìyẹn wà nínú commit (àkọsílẹ̀ àyípadà) tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mi ò lè máa ṣa òkúta nínú ìrẹsì ẹlòmíràn.

Tí o bá dé 3.13, Python fúnra rẹ̀ ló ń yọ àlàfo iwájú ìlà docstring kúrò. Ìdánwò tó ń wo __doc__ (ibi tí Python ń tọ́jú docstring sí) lè yege lórí 3.12 kó ṣubú níbẹ̀. Má kó sys.version_info (àyẹ̀wò ẹ̀dà Python) káàkiri, fi inspect.cleandoc, tó ń yọ àlàfo yẹn, fọ ọ̀rọ̀ tó jáde àti èyí tí ò ń retí. Bákan náà ni --help, àlàyé bí a ṣe ń lo irinṣẹ́ náà: "optional arguments:" ni argparse, apá Python tó ń kọ ọ́, ń kọ títí dé 3.9, 3.10 sọ ọ́ di "options:". Orúkọ flag (àṣàyàn bíi --help) ni kí o wá, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí bátìrì bá ń kú lọ tí wọn ò tíì mú iná wá, pytest --lf ni mo máa ń lò. Èyí tó ṣubú nìkan ló ń tún ṣe. Fi àtúnṣe setup.py, fáìlì tí wọ́n fi ń gbé irinṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà, ṣe àṣekẹ́yìn. Bí docstring kan bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, fi ránṣẹ́ pẹ̀lú HTML rẹ̀, ká jọ wò ó.