Okùn Gìtá Tí Kì í Dúró Sójú Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ó di ọjọ́ kẹrin tí mo ti fi okùn tuntun sí gìtá onígi mi, síbẹ̀ n kò lè ta orin méjì tán kí ohùn rẹ̀ tó dẹ̀. Ṣé okùn tí mo rà ni kò dára, àbí gìtá náà ló ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá okùn lẹ́bi, ẹ má sì tíì gbé gìtá lọ bá alátùn-únṣe. Òótọ́ ni pé okùn tuntun gbọ́dọ̀ nà kó tó fara balẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń fi ìka fà á sókè díẹ̀ ní àárín, tí a tún ń yí i padà sí ohùn rẹ̀, títí tí kò fi ní dẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ti pẹ́ jù fún okùn irin. Bí ẹ ṣe so ó ni mo fura sí. Ẹ wo èèkàn orí gìtá: ó yẹ kí okùn yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tó bá gun ara wọn yóò máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń ta á, ohùn yóò sì máa lọ sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ẹ rí i pé kókó ìdí okùn kan pákó inú gbọingbọin, kó má jókòó sórí ẹnu èèkàn kékeré tó dè é.

Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ yẹ egungun tó wà ní ìparí ọrùn gìtá lápá orí wò, èyí tí wọ́n la ojú sí fún okùn kọ̀ọ̀kan. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí. Bí ẹ bá ń yí okùn, tó dún “pín”, tí ohùn sì fò sókè lójijì, okùn ti há sójú yẹn. Ẹ dẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù kun ojú náà, nítorí dúdú pẹ́ńsù máa ń jẹ́ kí okùn yọ̀ geere. Bí ó bá ṣì ń há, oníṣẹ́ ni kó bá yín fẹ ojú náà díẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ sì ni kí ẹ ti máa yí okùn gòkè dé ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá, ẹ dẹ̀ ẹ́ tán kí ẹ tún gòkè.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi okùn irin sí gìtá olókùn ọ̀rá mi, kí ó lè dún kíkan. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Okùn irin mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní 12 ń fa gìtá pẹ̀lú agbára tó ju kílò 70 lọ. Ti ọ̀rá kò ju nǹkan bí 40 lọ. Ojú gìtá yín lè wú, ibi ìsokùn sì lè ṣí kúrò. Bí ẹ bá ra gìtá olókùn irin lọ́jọ́ iwájú, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa wò: 12 túmọ̀ sí pé okùn kìn-ín-ní, èyí tó tín-ín-rín jù, nípọn tó ìdá 12 nínú ìdá 1000 íǹṣì kan. 10 rọrùn fún ìka tó ṣì ń ro, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Èmi a máa yan 12.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ ohùn okùn wò ní gbogbo okùn mi péye, síbẹ̀ bí mo bá ta kọ́ọ̀dù G, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń ta pọ̀ lórí G, okùn kejì máa ń dún bíi pé ó ga jù.

Ìdáhùn: Etí yín gbọ́ dáadáa. Nínú G, ohùn B tí okùn kejì ń mú wá ni ohùn kẹta (ẹ ka G, A, B), bí a sì ṣe pín ohùn méjìlá lọ́gbọọgba lórí gìtá mú kí ohùn kẹta náà ga díẹ̀ ju bí etí ti ń fẹ́. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ kí G lè dùn, kọ́ọ̀dù E yóò bàjẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá gìtá fúnra rẹ̀ lẹ́bi, ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lórí irin kejìlá nínú àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá kí ẹ ta á, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tún un ta. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn tó ti gbó. Bí wọ́n bá ṣì yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé okùn yín ló ga jù sórí ọrùn gìtá.