Èsì: Django 4.2 sí 5.2, àti ọ̀rọ̀ Go

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní orí Django 4.2 (irinṣẹ́ tí wọ́n fi èdè Python ṣe, fún kíkọ́ ìkànnì) ni ìkànnì tí àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú fi ń tajà wà, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ gbé e lọ sí 5.2 tàbí kí ẹ kúkú fi Go, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, tún un kọ. Ẹ gbé e lọ sí 5.2.

Python 3.10 ló kéré jù tí 5.2 ń gbà. Kí ẹ tó kúrò lórí 4.2, ẹ tẹ `python -Wa manage.py test`, kí ẹ sì tún gbogbo ìkìlọ̀ tó bá jáde ṣe. Ẹ̀dà dátábéèsì ni kí ẹ fi dán an wò o, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó.

Ọ̀rọ̀ aago ló le jù. Láti 5.0, `USE_TZ` (ètò tó ń mú kí Django fi UTC, aago àgbáyé, pa àkókò mọ́) ti di True bí ẹ kò bá kọ ọ́ sí settings.py, fáìlì ètò ìkànnì yín. Tó bá jẹ́ dátábéèsì SQLite tàbí MySQL lẹ ń lò, ọjà tí wọ́n rà ní aago 9 àárọ̀ l'Abẹ́òkúta, Django á kà á sí aago 9 UTC, á wá gbé e jáde bí aago 10, torí aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Ẹ kọ `USE_TZ = False` síbẹ̀ ná, títí ẹ ó fi ráyè yí àkókò àtijọ́ padà. Líǹkì lásán sí LogoutView (ibi tí oníbàárà ti ń jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀) náà á máa mú àṣìṣe 405 wá, ìyẹn ni pé wọn kò gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù POST tó ní csrf_token (àmì ààbò Django) ló ń fẹ́ báyìí.

Go yára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ojú ewé tó to aṣọ 100 bá ń lọ béèrè orúkọ aláró kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìbéèrè 101 sí dátábéèsì nìyẹn, Go pàápàá á dúró dè é. Nínú Django, `select_related("alaro")`, tó ń kó aṣọ àti aláró rẹ̀ wá pọ̀, á sọ ọ́ di ẹyọ kan ṣoṣo.