Ẹ wo etí wúrà yẹn dáadáa

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé àwọn rí wúrà pẹlẹbẹ nínú odò kékeré, pé ṣé àpáta tó ti wá wà nítòsí: lójú tèmi o, kò dà bíi pé ó wà nítòsí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, etí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Wúrà rọ̀, ó sì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Tí òkúta odò bá ń lù ú, kì í fọ́, ńṣe ló ń tẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára àpáta máa ń rí ṣágiṣàgi, nígbà mìíràn òkúta funfun ṣì há sí i lára. Bó bá rìn díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á fá, ara rẹ̀ á dán. Bó bá tún lọ, á di pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ á sì ká padà. Etí tó ká yẹn ni kẹ́ ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹyọ kan dájọ́. Mo máa ń rí ṣágiṣàgi àti dídán nínú abọ́ kan náà. Odò kékeré lè máa gé ilẹ̀ tí odò àtijọ́ kó òkúta sí. Wúrà tó ti rìn jìnnà á wá bọ́ sínú odò tí kò gùn rárá. Ṣé òkúta róbótó wà lára bèbè, lókè omi? Tó bá wà, ẹ fọ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wò. Tí kò bá sí, ẹ máa gòkè odò lọ, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ wò lókè àti nísàlẹ̀ gbogbo ibi tí odò mìíràn ti wọlé. Ibi tí ṣágiṣàgi bá ti pọ̀ sí i, tó wá dáwọ́ dúró lójijì, ẹ kúrò nínú omi, ẹ gun ẹ̀gbẹ́ òkè. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yìí, ní Ìperindó, inú òkúta funfun tó la àpáta kọjá ni wúrà wà. Ní Ìgun àti Ìtagunmodì, yẹ̀pẹ̀ àfonífojì ni wọ́n ń fọ̀.

Àwọn kan ní inú yẹ̀pẹ̀ ni wúrà ti ń ta bí iṣu, pé kò ti ara àpáta wá. Àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà la àwọn ẹyọ wúrà ńlá sí méjì, ohun tí wọ́n rí nínú wọn fi hàn pé ìsàlẹ̀ jíjìn, nínú ooru, ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Èyí tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí kò sì dán, ẹ fura sí i: ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi mákúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, kó jọ, tí wọ́n sì yan lórí iná. Ìrísí irú ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa odò.

Ẹ ya fọ́tò tiyín wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ òkúta ara rẹ̀ kúrò.