Ìrìn Ìgbádùn Lórí Omi: Ìdáhùn fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Onígbòkun Tí Kò Fẹ́ Ìdíje

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lọ́tẹ̀ yìí. Mẹ́ta wá láti etí Solent, omi tó pín gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti erékùṣù Isle of Wight níyà. Ọ̀kan wá láti Èkó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ 14 ló wà nínú ẹgbẹ́ wa ní Southampton, àwọn eléré ìje sì ti gba gbogbo ọjọ́ Àìkú. Àwa ọlọ́kọ̀ mẹ́fà fẹ́ máa tu ọkọ̀ lọ síbì kan, ká jẹun, ká sùn mọ́jú, ká padà wálé. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú ìfẹ́ omi. Kí ẹ tó mú ibi tí ẹ ń lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé àkókò omi, èyí tó ń sọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Lórí Solent, bí omi ṣe ń ṣàn ló ń pinnu ọjọ́ yín. Láti Cowes dé Yarmouth, ìlú méjì ní etí Isle of Wight, tó bíi máìlì òkun 9; Yarmouth ló wà ní ìwọ̀-oòrùn. Bí ọkọ̀ yín bá ń sá nọ́ọ̀tì 4 (ìyẹn máìlì òkun mẹ́rin ní wákàtí kan), tí omi sì ń gbé yín lọ ní nọ́ọ̀tì 2, wákàtí kan ààbọ̀, ẹ ti gúnlẹ̀. Bí omi kan náà bá dojú kọ yín, nọ́ọ̀tì 2 péré ló kù, ìrìn náà sì di wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn ọmọ á ti máa bèèrè ìgbà tí a máa dé, ẹni tí òkun ń kọ lójú á ti dùbúlẹ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Solent, omi máa ń yí sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi wákàtí kan kí omi tó kún tán ní Portsmouth (èbúté tí wọ́n fi ń ka àkókò omi ibẹ̀), á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ kúrò ní Cowes ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò yẹn, kí ẹ lè ráyè bí ẹnì kan bá pẹ́.

Nǹkan kan wà tó máa ń ba irú ìrìn yìí jẹ́. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá le, tí ó sì pàdé omi tó ń sáré bọ̀ níwájú rẹ̀, ìgbì á kúrú, á ga, á sì máa lu iwájú ọkọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ibi tó le jù ni Hurst, ní ìpẹ̀kun Solent ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ọ̀nà ti há, tí omi sì lè sá tó nọ́ọ̀tì 4. Nítorí náà, ẹ máa ní ibi méjì lọ́kàn: Yarmouth bí ojú ọjọ́ bá dára, Osborne Bay, ìyàwọlẹ̀ omi kan nítòsí Cowes, bí afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn bá ń ta kíkan, torí ilẹ̀ erékùṣù náà bo Osborne Bay lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Ọbabìnrin Victoria ló wà lókè níbẹ̀. Victoria yìí náà ló tọ́jú ọmọ Yewa tí a mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta, òun ló sì ṣe ìyá ìsàmì fún ọmọ rẹ̀. Ó dùn láti sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ yín nígbà tí ìdákọ̀ró bá ti di ilẹ̀ mú.

Ọkọ̀ tó lọ́ra jù lọ ni kó máa dá àkókò gbéra. Bí ó bá nílò wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni ìrìn gbogbo yín. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, iye èèyàn inú rẹ̀, ìwọ̀n tí ìdí rẹ̀ fi wọ omi àti nọ́ńbà fóònù sórí ìwé kan, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ilẹ̀. Ẹ fi ẹnu kò lórí ìkànnì rédíò VHF kan, 72 tàbí 77, kí ẹ sì máa pe ara yín ní wákàtí wákàtí. Ìkànnì 16, tó wà fún ìpè pàjáwìrì, kì í ṣe ti ìtàkùrọ̀sọ.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọkọ̀ márùn-ún la so mọ́ ara wọn ní Osborne Bay, a jẹ, a mu. Ní aago méjì òru, òpó ìgbòkun ọkọ̀ méjì gbá ara wọn, ìdákọ̀ró wọ́, gbogbo wa sì ń lọ sí etí ilẹ̀. Kí la ṣe tí kò dára?

Ẹ kú ewu o. Àṣìṣe náà ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ èyí tó tóbi jù ni pé ẹ sùn bẹ́ẹ̀. Síso ọkọ̀ pọ̀ dára gan-an fún oúnjẹ ọ̀sán. Fún òru, kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí oníkálukú tú okùn rẹ̀, kó lọ ju ìdákọ̀ró tirẹ̀ síbi tó jìnnà tó láti yí po láìkan ẹnikẹ́ni. Osborne Bay ò láàbò kankan lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ àríwá àti ti ìlà-oòrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá yí sọ́hùn-ún lóru, ẹ̀yìn yín ti kọjú sí ilẹ̀ nìyẹn.

Bí a ṣe ń so ó nìyí. Ọkọ̀ tó wúwo jù, tí ìdákọ̀ró rẹ̀ sì tóbi jù, ni kó kọ́kọ́ dúró. Kó tó jù ú, kó ṣírò okùn. Ká ní omi jìn tó mítà 3 nígbà tó fà tán, tí omi sì lè kún sí i ní mítà 4 nígbà omi ńlá (ìgbà tí omi ń kún jù), mítà 7 nìyẹn. Ẹ fi mítà 1 kún un fún gíga iwájú ọkọ̀, ó di 8. Bó bá jẹ́ ṣéènì nìkan, ẹ tú u ní ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn mítà 32. Bó bá jẹ́ okùn tí a so mọ́ ṣéènì díẹ̀, ìlọ́po mẹ́fà ó kéré tán, mítà 48. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìjìn tí wọ́n rí lójú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n dé ṣírò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí omi fà ni wọ́n dé, okùn ti kúrú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì tì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí ìdákọ̀ró lè gún ilẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣéènì níwájú ọkọ̀. Bí ó bá dúró gbagidi, ó ti mú. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ó ń já lù yín lọ́wọ́ bí ohun tí wọ́n ń wọ́ lórí òkúta, kò tíì mú. Ẹ gbé e, kí ẹ tún un jù.

Àwọn yòókù á wá máa wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí ẹrù má baà pọ̀ sí apá kan. Ọkọ̀ mẹ́ta ti tó fún ìdákọ̀ró kan; márùn-ún ti pọ̀ jù. Fẹ́ńdà mẹ́rin, ìyẹn tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ha ara wọn, ni kó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó wọn jọ síbi tí ikùn ọkọ̀ ti fẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ló ń fara kanra. Okùn mẹ́rin: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àti méjì tí a ta dábùú láti iwájú ọkọ̀ yìí sí ẹ̀yìn èkejì. Àwọn okùn dábùú yìí ló ń dá ọkọ̀ dúró kó má baà yọ̀ síwá sẹ́yìn. Àwọn náà ló ń dènà kí òpó gbá ara wọn: ẹ wo òkè kí ẹ tó dì wọ́n, kí ẹ sún ọkọ̀ kan síwájú díẹ̀ kí apá òpó méjèèjì má ṣe wà lógbọọgba. Ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá nítòsí Osborne Bay. Ìgbì tí wọ́n ń fà lẹ́yìn máa ń mi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà yẹn ni òpó ń pàdé.

Bí ẹ bá ń kọjá lórí ọkọ̀ ẹlòmíì, iwájú ni kí ẹ gbà, ẹ má gba àárín ibi tí wọ́n jókòó sí. Ìwà ọmọlúàbí ni.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé eré kan wà tí ọkọ̀ wa tó wúwo, tó lọ́ra, náà lè ṣe? Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ fẹ́ kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn náà.

Ó wà, a sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ìdíje lọ: eré sísọ àkókò tẹ́lẹ̀. Ẹ mú búì mẹ́rin (àmì tó ń léfòó lójú omi) lórí máàpù òkun. Kí ẹ tó gbéra, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ àkókò tí òun máa kan búì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, á fi í lé alága lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo aago, fóònù àti GPS á wọ inú àpò kan. Ẹnì kan láti inú ọkọ̀ mìíràn á bá yín lọ, òun nìkan ló ní aago, òun ló sì ń kọ àkókò gan-an. Bí ẹ bá lo wákàtí kan, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 3,600, tí gbogbo àṣìṣe yín lápapọ̀ sì jẹ́ 180, ìdá 5 nínú 100 lẹ fi ṣìnà. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló borí, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló dé kẹ́yìn.

Ohun tó ń mú èèyàn kùnà ni pé wọ́n gbàgbé ìṣàn omi. Máìlì 3 ní nọ́ọ̀tì 5 jẹ́ ìṣẹ́jú 36. Bí omi bá fi nọ́ọ̀tì 1 kún un, ó di 30. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ẹ́ńjìnnì ní ìgbà àkọ́kọ́, torí afẹ́fẹ́ tó ń gbé, tó ń sọ, máa ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lágara. Ìyàwó yín lè ṣe ìṣírò, ọmọ kan lè máa fi awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni wá búì, èkejì á di àgbá ìtọ́kọ̀ mú.

Nígbà òtútù, ẹ pe ara yín jọ fún àyẹ̀wò ẹ̀wù ìléfòó. Ẹ yọ ìgò gáàsì rẹ̀, kí ẹ fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ ẹ; ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí ọ̀rinrin ń bà á jẹ́ nínú. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú kí ẹ wò ó bóyá ó rọ̀. Ẹ gbé ìgò náà sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná: ìwúwo tó yẹ kó ní ni wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Bó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó dípẹtà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí kálukú gbé tirẹ̀ wọ̀, kó sì di okùn tó ń gba abẹ́ itan. Láìsí okùn yẹn, ẹ̀wù á yọ lọ sókè nínú omi, ojú á sì rì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè ṣe irú èyí ní Èkó?

A lè ṣe é. Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, Tarkwa Bay sì jẹ́ ibi ìnàjú tó yẹ fún oúnjẹ ọ̀sán. Omi Èkó kì í kún tó ti Solent, nǹkan bíi mítà kan ni, àmọ́ ní ẹnu ọ̀nà tó já sí òkun, ó ń fà kíkankíkan. Ẹ wọ ibẹ̀ nígbà tí omi bá ń kún, kí ẹ sì fún ọkọ̀ ńlá lọ́nà. Inú ọ̀sà kò jìn, nítorí náà ẹ mọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ yín fi wọ omi, ẹ sì wọn gíga òpó yín kí ẹ tó sún mọ́ afárá kankan. Àwọ̀n apẹja àti igi tí wọ́n fi ń dè é pọ̀ gan-an. Bí àwọ̀n bá wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ ju ìdákọ̀ró, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gé e. Nígbà òjò tí iyọ̀ bá ti dín kù nínú omi ọ̀sà, ewé tó ń léfòó máa ń bo ọ̀nà. Láti oṣù Kejìlá, tí iyọ̀ bá ti padà sínú omi, ó ń kú. Ẹ rí i pé ẹ ti gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí púpọ̀ nínú àwọn igi apẹja yẹn kò ní iná.