Ẹ má fi ṣòkòtò òtútù bẹ̀rẹ̀: èsì fún ẹni tó fẹ́ máa wa kẹ̀kẹ́ yí ọdún po

Ohun tí ẹ bèèrè ni pé ẹ fẹ́ máa wa kẹ̀kẹ́ nínú ooru, nínú òjò àti nígbà òtútù, pé owó ọwọ́ yín kò sì tíì ká aṣọ púpọ̀; ẹ wá ń rò ó bóyá kí ẹ kúkú ra ṣòkòtò gígùn onírun nínú kan tó nípọn, kí ẹ sì máa fara dà á nígbà tí oòrùn bá mú. Èsì mi ni pé kí ẹ má rà á ní báyìí. Ṣòkòtò péńpé kan tí wọ́n dìídì rán fún kẹ̀kẹ́, tí tìmùtìmù inú rẹ̀ bá ìdí yín mu, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi leg warmer kún un, ìyẹn ẹsẹ̀ aṣọ méjì tí ń fà, tí a ń wọ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ gòkè dé itan, tí a sì lè bọ́ sínú àpò nígbàkúùgbà tí ara bá gbóná. Méjèèjì yìí yóò sìn yín láti ìgbà ooru títí dé ibi tí òtútù bá ti ń sún mọ́ 8°C.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí irú ṣòkòtò tí ẹ fẹ́ rà yìí gan-an. Ẹni tó tà á fún mi tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ́n omi díẹ̀ sí i lójú mi, omi náà sì ń yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀ láìwọ inú aṣọ. Ó ní bí òjò bá rọ̀ títí di alẹ́, itan mi yóò gbẹ. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ohun tí kò sọ ni pé èròjà tí wọ́n fi pa ojú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ju pé kí ó lé òjò winniwinni sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ lọ, pé ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń fọ aṣọ náà tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ sì ń ha á, àti pé kì í ṣe òkè nìkan ni omi ti ń wá bá ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Táyà ẹ̀yìn ń gbá omi àti iyanrìn láti ojú títì, ó sì ń tú gbogbo rẹ̀ sí ìdí ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bá ní mọ́gáàdì.

Òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà níbi tó jìnnà sí ilé, òtútù sì mú. Kò pẹ́ tí irun inú ṣòkòtò náà fi fa omi mu bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Ó wúwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sísàlẹ̀. Bí ó ti ń wọ́ ni tìmùtìmù inú rẹ̀ kúrò lábẹ́ egungun ìdí tó yẹ kí ó gbé, tí etí rẹ̀ kan sì ká jọ sáàárín itan mi ọ̀tún àti ìjókòó kẹ̀kẹ́. Mo dìde dúró lórí pẹ́dà, mo fà á sókè, ó tún wọ́ sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹni tó bá ń yí pẹ́dà ní ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan yóò ti yí i ní ìgbà 4,800 kí wákàtí kan tó pé, gbogbo ìgbà tí itan bá sì lọ sókè sódò ni etí aṣọ tó ti rin gbingbin, tí iyanrìn ti wọ̀, ń ha awọ ara ní ojú kan náà. Òtútù ti mú kí gbogbo ibẹ̀ kú, n kò sì mọ bí ó ti bó tó. Ìgbà tí mo dé ilé, tí mo da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, ni mo tó mọ̀, igbe tí mo ké sì mú kí àwọn ará ilé sáré wá kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

Ara tó bó nìkan ì bá tètè jinná. Àmọ́ kòkòrò àìsàn ti gba ibẹ̀ wọ ihò irun ara, ó sì di oówo níbi tí itan ti pàdé ìdí gẹ́lẹ́, ibi tí bándéèjì kò lè dúró, tí èèyàn kò sì lè fi jókòó. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jókòó jẹun, ìdojúbolẹ̀ ni mo sì ń sùn. Dókítà tí mo lọ bá wò ó fìrí, ó kọ ìpara fún mi, ó ní kí n jáwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ wíwà, kò sì bèèrè irú aṣọ tí mo wọ̀ rárá. Òmíràn, tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn eléré ìdárayá, tí ìwé ẹ̀rí sì kún ara ògiri rẹ̀, wá pàṣẹ pé kí n máa wọ pátá òwú sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ kí tìmùtìmù má bàa kan ojú egbò. Ojú ibi tí wọ́n ti rán pátá náà bọ́ sórí oówo yẹn gan-an, òwú fa òógùn mọ́ra, kò jẹ́ kí ó gbẹ, ohun tó ti ń san sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Inú ń bí mi sí ọkùnrin náà títí di òní.

Nítorí náà, kí n tó padà sórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ẹ gba ìkìlọ̀ wọ̀nyí. A kì í wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù. Ara ni wọ́n rán an fún. A kì í sì wọ tìmùtìmù méjì lé ara wọn, nítorí náà bí ẹ bá wá fẹ́ ra ṣòkòtò gígùn lọ́jọ́ iwájú, ẹ ra èyí tí kò ní tìmùtìmù, kí ẹ lè wọ̀ ọ́ lé péńpé tó ti mọ ìdí yín. Gbàrà tí ẹ bá dé ilé ni kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tún un wọ̀, bí ó ti wù kí ìrìn náà kúrú tó. Ẹ má fi èròjà olómi tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ kún omi ìfọṣọ, nítorí ó ń di ojú aṣọ tó ń gbé òógùn kúrò lára, ẹ má sì sá a sínú ẹ̀rọ agbóná, nítorí ooru ni í pa rọ́bà inú rẹ̀. Bí oówo bá sì yọ síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń wú sí i, tí ibà dé bá a, ẹ lọ rí dókítà pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa wọn, kí ẹ sì fúnra yín sọ irú aṣọ tí ẹ wọ̀ fún un, nítorí kò ní bèèrè.

Ní ti òtútù, àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn àtẹ: wọn a to ìwọ̀n ojú ọjọ́ sápá kan, wọn a to aṣọ sápá kejì, bí ẹni pé eré kan náà ni gbogbo wa ń sá. Afẹ́fẹ́ tí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń fi eré ara rẹ̀ dá sílẹ̀ kì í sábà sí nínú àtẹ wọn. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní 5°C, tí ẹ sì ń sá eré 30 kìlómítà ní wákàtí kan, bíi 0°C ni yóò ṣe rí lára awọ tí ẹ kò bò, bí ewé orí igi kò tilẹ̀ mì rárá. Orúnkún ló kọ́kọ́ ń jẹ ìyà náà, nítorí kò sí ẹran tàbí ọ̀rá tó tó nǹkan níwájú rẹ̀, òun ló sì ń gbá afẹ́fẹ́ bí ẹsẹ̀ ti ń lọ sókè sódò. Ní tèmi, bí ó bá ti wá sísàlẹ̀ ju 18°C lọ, mo máa ń bo orúnkún. Bí ó bá tó 12°C, mo máa ń bo gbogbo ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá kéré sí 8°C ni ṣòkòtò onírun nínú tó wúlò, ìyẹn bí ilẹ̀ bá gbẹ, èyí tí afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá níwájú ló sì dára jù bí ó bá ń sún mọ́ 0°C. Ẹni tí òtútù tètè ń mú lè tètè bo ara jù mí lọ. Kí òtútù mú yín díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra dára. Bí ara bá ti móoru kí ẹ tó jáde nílé, òógùn ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí n tún sọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìrora orúnkún ni ti òtútù. Bí ó bá ń dùn yín níwájú, ẹ wò ó bóyá ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún ni, ó ṣeé ṣe kí ó ti ga jù. Mo mọ ẹni tó ra oríṣiríṣi aṣọ orúnkún nígbà tó jẹ́ pé ìjókòó lásán ni kò gbé sókè díẹ̀.

Òjò ni kí ẹ bẹ̀rù ju òtútù lọ. Omi ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á. Bí òjò bá ń rọ̀ nígbà ooru, ẹ fi ojúgun àti orúnkún sílẹ̀ ní ìhòòhò, nítorí aṣọ ló ń mu omi, awọ ara kì í mu ún, ó sì ń gbẹ kí ẹ tó mọ̀. Bí òjò bá bá òtútù rìn, aṣọ tó fẹ́lẹ́ tó sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ onírun tàn yín. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí a fi irun àgùntàn hun dára nítorí ó ṣì ń pa ooru mọ́ díẹ̀ bí ó bá tutù, òwú kò dára rárá. Ṣòkòtò òjò tí omi kò lè là kọjá wúlò fún ìrìn kúkúrú tí kò le, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gun òkè nínú rẹ̀, òógùn yóò rin yín láti inú gẹ́gẹ́ bí òjò ì bá ti rin yín láti òde. Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí ṣéènì má bàa gbé e. Kí ẹ sì ra mọ́gáàdì. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi níbi tí mo ti ra ṣòkòtò, bẹ́ẹ̀ òun ni ì bá gba ìdí mi là.

Ti ooru kò le: aṣọ fẹ́lẹ́, ìpara oòrùn sí ibi tó bá wà níta, kò tún sí nǹkan mìíràn. Àwọn kan ń fi ìpara agbóná, èyí tó ní èròjà tí ń mú ata ta, pa ẹsẹ̀ dípò kí wọ́n bò ó nígbà òtútù. Ìpara yẹn ń jẹ́ kí awọ rò pé ara ń gbóná ni, kò ní kí afẹ́fẹ́ má gba ooru lọ. Bí ẹ bá sì máa lò ó, ẹ ti wọ ṣòkòtò tán kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí bí ó bá kan tìmùtìmù, ẹ ó jó láìsí ìlù.

Leg warmer yín náà: etí rẹ̀ lókè gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ péńpé, kí rọ́bà tó wà ní etí péńpé lè dì í mú. Nígbà tí ẹ bá lọ wọ̀ ọ́ wò, ẹ má kàn dúró gbọọrọ níwájú dígí. Ẹ jókòó, ẹ ká orúnkún sókè bí ẹni pé pẹ́dà wà lókè pátápátá, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn itan. Péńpé gbọ́dọ̀ ṣì bo etí leg warmer mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Bí awọ ara bá yọ láàárín aṣọ méjèèjì, ẹ bèèrè èyí tó gùn jù ú lọ, bí ẹni tó ń tà á bá sì ní yóò fà bí ẹ bá ti ń wọ̀ ọ́, ẹ dá a padà fún un.