Dúdú kò fẹ́ rí ọmọ ológbò tuntun sójú

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọdún kẹfà rèé tí Dúdú, ológbò mi, ti ń dá gbé lọ́dọ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ọmọ ológbò kan, kò ju ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá lọ, mo sì gbé e síwájú Dúdú ní pálọ̀ kí wọ́n lè mọra. Háà! Irun ara Dúdú dìde ṣánṣán, ó ṣe "fìììì", ó sì fọ́ ọmọ náà létí. Mo na Dúdú. Láti ìgbà náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé, òru nìkan ló ń jáde wá jẹun. Ọkọ mi ní kí n dá ọmọ náà padà. Ṣé kí n dá a padà ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì dá a padà o. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má na Dúdú mọ́. "Fìììì" tó ṣe yẹn, ìkìlọ̀ ni: ó ń sọ fún ọmọ náà pé kó dúró lọ́hùn-ún. Bí o bá ń nà án nítorí ìyẹn, ohun tí yóò mọ̀ ni pé ìyà ń bọ̀ nígbàkígbà tí ọmọ yìí bá sún mọ́ òun.

Imú ni ológbò fi ń mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀. Ṣé o ti rí Dúdú tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ẹsẹ̀ àga, tó tún ń fi ra ẹsẹ̀ ìwọ náà? Òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, ibi tí òórùn náà bá sì wà ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Àlejò tó ń rùn bí àjèjì wá já lu àárín ilé náà lójijì. Ó yẹ kó bínú.

Nítorí náà, tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fi ọmọ náà sí yàrá tirẹ̀, kí o ti ilẹ̀kùn, kí oúnjẹ, omi, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí yóò sá sí wà níbẹ̀. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn aràn, torí ọmọ tí ara rẹ̀ ń dán lè gbé àrùn tí yóò ran Dúdú.

Lẹ́yìn náà, mú àkísà kékeré tó mọ́, fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà jẹ́jẹ́, kí o fi í sílẹ̀ níbi tí Dúdú máa ń gbà kọjá. Má gbé e sórí ibùsùn rẹ̀. Ó lè ṣe "fìììì" sí àkísà lásán. Fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gbóòórùn rẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ, iṣẹ́ ti ń ṣe nìyẹn. Fi àkísà mìíràn nu Dúdú, gbé e fún ọmọ náà.

Máa fún wọn lóúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn tí a tì. Jìnnà sí ilẹ̀kùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa sún àwo mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń jẹun láìwo ilẹ̀kùn ni kí o tó ṣí i díẹ̀. Bá ọmọ náà ṣeré kó rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó rí ara wọn, torí ìrù Dúdú ni yóò kọ́kọ́ fò mọ́. Bí Dúdú bá tẹ etí mọ́rí, tí ìrù rẹ̀ ń na ilẹ̀, tí kò sì ṣẹ́jú, ó tó fún ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ń jà, páálí ni kí o fi là wọ́n, má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́ta ló yẹ ológbò méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbi ọ̀tọ̀. Kí Dúdú sì ní ibi gíga tí ọmọ náà kò lè gùn dé.

Inú mi dùn pé ó ń jẹun lóru. Bí ó bá lo odindi ọjọ́ kan láìjẹun, tàbí tó ń tiraka láti tọ̀ tí kò rí i tọ̀, dókítà ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ebi máa ń ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́ kíákíá.

Sọ fún ọkọ rẹ pé ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kódà ó lè gba oṣù. Wọ́n lè má sùn pọ̀ láé. Bí wọ́n bá ti lè kọjá lára ara wọn láìsí ìjà, ìyẹn tó.