Ẹ má fi nǹkan tó lè kú sórí backplane

Ọ̀gá mi, ẹ ní ẹ fẹ́ gbé regulator (èyí tó ń ṣètò iná) àti chip tó ń darí fáànù sórí backplane, ìyẹn bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí gbogbo káàdì ń wọ̀, kí àyè lè wà lórí káàdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, ojú mi sì rí màbo.

Káàdì 16 ló wà nínú ẹ̀rọ tí mò ń wí yìí, èmi gan-an ni mo yàwòrán backplane ẹ̀, mo wá kó chip reset, fíúùsì mẹ́ta àti kápásítọ̀ bíi mẹ́fà sórí ẹ̀, inú mi ń dùn pé mo gbọ́n. Kò pé ọdún méjì, fíúùsì kan jó. Fíúùsì lásánlàsàn o! Àmọ́ ẹ̀yìn káàdì ló fara pamọ́ sí, lẹ́ẹ̀dì (òjé yíyọ́) ni mo sì fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, la bá pa gbogbo ẹ̀rọ, a fa káàdì 16 yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń lẹ nọ́ńbà mọ́ wáyà ẹ̀yìn kó má baà dàrú mọ́ wa lójú, a tú síkúrúù tó lé ní ogójì, ọ̀kan tún já bọ́ sínú power supply, a tún tú ìyẹn náà. Ilẹ̀ mọ́ bá wa nídìí ẹ̀. Ká ní orí káàdì ni fíúùsì yẹn wà ni, ìṣẹ́jú méjì ni, ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa iná gan-an á fà á yọ, á ti òmíì bọ̀ ọ́.

Látìgbà yẹn, bàbà àti kọ́nẹ́kítọ̀ nìkan ló ń wà lórí backplane tèmi. Resistor tó máa ń wà ní ìpẹ̀kun bus (àwọn wáyà tí gbogbo káàdì jọ ń lò), mo lè gbà á láyè, torí ìyẹn kì í sábà kú.

Píìnì ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà pọ̀ sí. Kọ́nẹ́kítọ̀ DIN 41612 tí VME, irú ẹ̀rọ oníkáàdì kan, ń lò, ara káàdì ni píìnì wà, ihò ló wà lórí backplane, tí píìnì bá tẹ̀, káàdì kan ṣoṣo lẹ pàdánù. CompactPCI, irú ẹ̀rọ oníkáàdì míì, ò rí bẹ́ẹ̀, orí backplane ni píìnì tiẹ̀ wà. Ẹnì kan tó ń kánjú fipá ti káàdì wọ ọ̀kan nínú tiwa, nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, píìnì kan ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó lọ fara ti èkejì ẹ̀, bí slot yẹn (àyè tí káàdì ń wọ̀) ṣe kú nìyẹn. Ohun tó yọ wá ni pé press-fit ni kọ́nẹ́kítọ̀ ọ̀hún, ìyẹn èyí tí wọ́n kàn ń fipá tì wọ ihò, kò sí lẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, a fa píìnì yẹn jáde a ti tuntun wọlé. Ẹ fi irin atọ́nà sí i, tí á ti wọlé kí píìnì tó kan ihò, kẹ́ ẹ sì fi key sí i kí káàdì má baà wọ slot tí kì í ṣe tiẹ̀. Àti pé ẹ má ra DIN class 3 tìtorí pé ó dínwó, mo rà á rí: ìgbà àádọ́ta (50) péré ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fà á yọ kẹ́ ẹ tì í bọ̀ ọ́, class 2 ń gbà tó 400, àwa tá a wá ń ṣe test lójoojúmọ́, 50 ò tó wa lo oṣù kan.

Tí píìnì mẹ́wàá bá jọ ń gbé iná, wọn ò ní pín in dọ́gba láéláé, àwọn tó sún mọ́ power supply ló máa ń gbé jù. Tèmi, ike kọ́nẹ́kítọ̀ ti ń dúdú kí n tó mọ̀. Ìlàjì iná tí wọ́n kọ sínú datasheet (ìwé àlàyé kọ́nẹ́kítọ̀) pé píìnì lè gbé ni mo ń gbà gbọ́ báyìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa yọ káàdì láìpa ẹ̀rọ, píìnì ground ni kó gùn jù kó kọ́kọ́ kàn, iná tẹ̀lé e, signal gbẹ̀yìn. I2C náà, ìyẹn wáyà tí àwọn chip fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ má so gbogbo slot mọ́ wáyà kan, torí káàdì kan péré tó bá ti fa SDA (wáyà dátà ẹ̀) wálẹ̀ tí ò fi í sílẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ya odi nìyẹn.

Regulator yín, káàdì kọ̀ọ̀kan ni kó ní tiẹ̀. Chip fáànù, inú tray fáànù fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, torí fáànù ló máa ń kọ́kọ́ kú, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì fà á jáde látiwájú láti pààrọ̀ ẹ̀, chip á bá a jáde.